Láti Òkè-Onígbìn Dé Ẹsẹ̀ Kàìnjì

Garawa mẹ́tàdínlógún ni mo kà níwájú kànga ẹ̀rọ kan ní Òkè-Onígbìn, kí aago mẹ́fà ìdájí tó lù. Garawa ọ̀dà wà níbẹ̀, kẹ́ẹ̀gì òróró wà níbẹ̀, ike ńlá kan tí etí rẹ̀ ti ya tí wọ́n wá fi okùn so náà kò gbẹ́yìn. Wọ́n tò tẹ̀léra bí ọmọ iléèwé, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó dúró tì wọ́n. Àwọn tó ni wọ́n ti padà lọ fẹ̀yìn lélẹ̀. Láti ìjẹta ni iná ti lọ, ẹ̀rọ tó ń fa omi sókè kò sì mọ iṣẹ́ kankan ṣe láìsí iná.

Ilẹ̀ mọ́ tán, ọmọkùnrin tó ń bójú tó kànga náà dé. Ó tan jẹnẹrétọ̀, ó ní kí kálukú mú owó díẹ̀ wá kó tó pọnmi. Ìyá àgbà kan tó ti gbé ike tirẹ̀ sábẹ́ ẹnu ẹ̀rọ wò ó láti òkè dé ilẹ̀.

"Omi abẹ́ ilẹ̀ àwọn baba wa, ṣé ìwọ lo bu ú síbẹ̀ ni?"

"Ẹ má bínú, Mọ̀mọ́. Omi kọ́ ni mò ń tà. Epo inú jẹnẹrétọ̀ yìí ni."

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Màmá san owó rẹ̀, ó sì ń kùn títí ó fi gbé omi rù. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin yẹn kò kúrò létí mi. Dáàmù Kàìnjì ni mo dira láti lọ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo fẹ́ fojú ara mi rí ibi tí omi ti ń di iná, kí n sì bá àwọn tí wọ́n ṣí nípò nítorí rẹ̀ sọ̀rọ̀. Mi ò mọ̀ pé ẹnu ọmọ tó ń ṣọ́ kànga ni mo ti máa gbọ́ àwíjàre tó mú jù lọ nínú gbogbo ìrìnàjò náà kí n tó gbéra rárá.

Ìlú kan nínú ilẹ̀ Ìsin ni Òkè-Onígbìn, láàárín àwa Ìgbómìnà ní Ìpínlẹ̀ Kwara, níbi tí àpáta àti oko iṣu ti jọ ń pín ilẹ̀ lò. Àríwá ni ọ̀pọ̀ omi Ìgbómìnà ń ṣàn sí. Odò Ọ̀sìn ń gba ti odò kéékèèké lọ́wọ́ wọn, ó ń gbé e lọ fún Ọya. Òyìnbó ń pe Ọya ní Niger. Àwa mọ̀ ọ́n sí aya Ṣàngó, ẹni tí ìtàn sọ pé ó wọlẹ̀ ní Irá, ìlú tí kò jìnnà sí Ọ̀fà, ní ìpínlẹ̀ wa yìí kan náà. Kí a má purọ́, omi Ọ̀sìn kì í yí ẹ̀rọ iná kankan. Ìsàlẹ̀ Jẹ́bà ló ti ń bọ́ sínú Ọya, lẹ́yìn tí Ọya ti gba Kàìnjì àti Jẹ́bà kọjá. Iná tí à ń retí ní Òkè-Onígbìn, omi ẹlòmíì ló ń fún wa.

Nínú ọkọ̀ tó gbé mi dé Òmù-Àrán ni mo ti ń da ìbéèrè màmá yẹn rò. Òfin Nàìjíríà dáhùn rẹ̀, ìdáhùn náà sì lójú méjì. Òfin orí omi tí ìjọba ológun gbé jáde ní 1993 sọ pé ìjọba àpapọ̀ ló láṣẹ lórí omi tó bá kan ìpínlẹ̀ tó ju ẹyọ kan lọ, ti orí ilẹ̀ àti ti abẹ́ ilẹ̀. Ọya bọ́ sọ́wọ́ Àbújá nìyẹn. Kò sí ọba tàbí baálẹ̀ tó lè ní tòun ni. Ṣùgbọ́n òfin kan náà ní kí ẹni tó bá ní ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀, títí kan ẹ̀tọ́ àbáláyé, máa fa omi abẹ́ rẹ̀ láìsanwó, fún ìlò ilé, fún ẹran ọ̀sìn àti fún ọgbà ara rẹ̀. Ó ní kí ẹni tó ń pẹja máa pẹja rẹ̀. Màmá jàre. Ọmọkùnrin náà kò sì jẹ̀bi. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni ìgbà tí ìjọba bá dí odò, tí ẹja kò wá síbi tí bàbá rẹ ti ń dẹ àwọ̀n mọ́. Bó bá sì jẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n gbà, Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 ní owó ohun tí o gbìn àti ohun tí o kọ́ sórí rẹ̀ ni wàá gbà. Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ kò lówó lórí. Abájọ tí gbogbo ayé fi fárígá nígbà tí wọ́n gbé àbá òfin omi mìíràn wá sílé aṣòfin ní 2017, tí wọ́n sì tún gbé e padà ní 2020. Àwọn èèyàn ti rí bí ilẹ̀ ṣe lọ, wọn ò fẹ́ kí omi bá a lọ.

Mo yà sí Ẹ̀ṣìẹ́ nítorí kò jìnnà, àti nítorí pé ẹni tó bá gba Ìgbómìnà kọjá tí kò kí àwọn ère òkúta yẹn, ìrìnàjò rẹ̀ kò tíì pé. Wọ́n lé ní ẹgbẹ̀rún kan: ọkùnrin lórí àpótí, obìnrin tó di idà mú, èyí tí orí rẹ̀ ti kán kúrò. Ìtàn àdúgbò ní àlejò ni wọ́n, pé àfojúdi ló sọ wọ́n di òkúta. Ní 1933 ni òyìnbó alábòójútó ilé-ẹ̀kọ́ kan, Ramshaw, kọ ìròyìn nípa wọn, àwọn ará ìlú sì ti ń bọ wọ́n látijọ́ kí ó tó dé. Ní 1945 ìjọba kọ́ ilé fún wọn, ó sì di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ohun tó wú mi lórí ni pé ibi tí ère wà ni wọ́n kọ́lé sí. Wọn ò kó Ẹ̀ṣìẹ́ kúrò nítorí ère, wọn ò sì kó ère kúrò ní Ẹ̀ṣìẹ́. Ká ní bèbè Ọya ni ìlú náà wà ńkọ́?

Ìlọrin kò gbà mí lákòókò. Mo wọkọ̀ míì ní gáréèjì, ó di Bódé Sààdú. Níbẹ̀ ni ọkọ̀ wa ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ èéfín níwájú bí ìkòkò ọbẹ̀. Redietọ̀ ti gbẹ. Awakọ̀ wa, ẹni tó ti ń pariwo láti Ìlọrin pé mọ́tò òun kì í dáni dúró, sọ̀ kalẹ̀, kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ọmọbìnrin kan gbé garawa omi wá láti inú àgbàlá kan, ó ní igba náírà ni.

"Omi lásán?" ni awakọ̀ wí.

"Ẹ̀yin ẹ lọ pọn ọ́n," lọmọ náà fèsì. "Ibi tí a ti pọn ọ́n jìn."

Ọmọ yìí náà kò ta omi. Ẹsẹ̀ tó rìn ló ń tà. Awakọ̀ san owó, ó bu omi sí redietọ̀, a tẹ̀ síwájú. Èrò kan lẹ́yìn mi ní lọ́la, awakọ̀ máa fún ọmọ náà ní ẹgbẹ̀rún, nítorí mọ́tò yìí máa padà wá.

Jẹ́bà ni ibi tí ẹni tó fẹ́ràn ìtàn kò gbọ́dọ̀ sá eré gbà kọjá. Odò náà fẹ̀, ojú rẹ̀ dákẹ́, àpáta ńlá kan sì dá dúró láàárín omi. Juju Rock ni òyìnbó pè é. Ibi ọ̀wọ̀ ni fún àwọn Tápà. Ìlú yìí ni Lugard kọ́kọ́ fi ṣe ibùjókòó ìjọba Àríwá Nàìjíríà ní 1900, kó tó ṣí lọ sí Zungeru. Reluwé dé ibẹ̀ ní 1909. Kí ó tó tó bẹ́ẹ̀, ní October 1857, ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n ń pè ní Dayspring kọlu àpáta nítòsí ibẹ̀, ó sì fọ́. Sámúẹ́lì Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣoògùn tí wọ́n tà sóko ẹrú tẹ́lẹ̀, wà nínú ìrìnàjò náà. Ó tó ọdún kan tí wọ́n fi pàgọ́ sí bèbè odò tí wọ́n ń dúró de ọkọ̀ mìíràn. Mo máa ń fojú inú wò ó, bó ṣe jókòó ti Ọya, tó ń kọ̀wé, tí omi sì ń ṣàn lọ níwájú rẹ̀ láìbèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Lónìí, omi náà ń bèèrè. Dáàmù Jẹ́bà dúró lókè ìlú. 1985 ni wọ́n ṣí i. Ẹ̀rọ mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀, agbára gbogbo wọn sì lè tó 578 mẹ́gáwáàtì. Omi tí Kàìnjì bá lò tán ni Jẹ́bà ń gbà lò lẹ́ẹ̀kejì, bí ìgbà tí ẹ̀gbọ́n wọ aṣọ tán tí àbúrò gbé e wọ̀.

Mo bá bàbá apẹja kan tó jẹ́ Tápà lábẹ́ igi, ó ń tún àwọ̀n ṣe. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, nítorí Jẹ́bà ni wọ́n bí i sí, Yorùbá ló sì fẹ́ ṣe ìyàwó kejì. Mo kí i, ó fún mi ní àpótí. Nígbà tí mo béèrè nípa dáàmù, kò gbójú sókè.

"Látijọ́," ó ní, "odò máa ń ránṣẹ́ kó tó dé."

Ó ṣàlàyé, mo sì gbọ́ ọ yé, nítorí ohun tí ìwé ń pè ní àgbàrá funfun àti àgbàrá dúdú ni bàbá náà mọ̀ láìka ìwé. Ọya máa ń kún lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Èkínní ni ti òjò tó rọ̀ nítòsí wa, láti August títí dé October. Ó ń ru ẹrẹ̀, ojú rẹ̀ kò mọ́, òun sì ni omi ń fi bo bèbè kó tó fi ilẹ̀ ọlọ́ràá sílẹ̀ fún oníresi. Èkejì ti òkè Guinea wá. Ó ti rìn fún oṣù mélòó kan, ó ti kọjá ilẹ̀ àbàtà tó wà ní Mali níbi tó ti sọ ẹrẹ̀ rẹ̀ kalẹ̀, nítorí náà, nígbà tó bá dé ọ̀dọ̀ wa nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ó ti mọ́ lóló. Ìdí rèé tí àwọn tó kọ́ Kàìnjì fi yan ibẹ̀: odò tó ń kún lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ jókòó lásán. Àgbẹ̀ àti apẹja náà mọ ọjọ́ tí ìkínní ń bọ̀ àti ìgbà tí ìkejì ń yọ, wọ́n sì to iṣẹ́ wọn mọ́ ọn.

"Nísinsìnyí ńkọ́?"

"Nísinsìnyí, ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn omi dání ló mọ̀."

Nígbà tí òjò bá pọ̀ jù, adágún ẹ̀yìn dáàmù ń kún, wọ́n sì gbọ́dọ̀ ṣí ilẹ̀kùn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ohun tó burú ju àgbàrá lọ lè ṣẹlẹ̀. Èyí kì í ṣe ìwà ìkà. Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ni oko resi wà, ní Edu àti ní Pàtígì, àwọn ará Kwara bíi tèmi. Ní 2012 àti 2022, gbogbo Nàìjíríà rí ohun tí Ọya lè ṣe fún àwọn tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Níbẹ̀ ni omi Ọ̀sìn wa náà ti ń bá wọn jà. Àwa Ìgbómìnà kì í fún wọn ní iná, à ń fún wọn ní àgbàrá. Ghana mọ èyí pẹ̀lú: ní 2023, nígbà tí wọ́n ṣí omi Akosombo, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ní ìsàlẹ̀ Odò Volta ni ilé wọn bọ́ mọ́ lọ́wọ́.

Mo ra ẹja yíyan lọ́wọ́ ìyàwó kejì yẹn, mo sì rékọjá afárá. Mókwà kò tíì gbàgbé òjò May 2025, tó gbẹ̀mí èèyàn tó lé ní àádọ́jọ (150) láàárín òru kan. Awakọ̀ wa dín ẹnu kù nígbà tí a ń gba ibẹ̀ kọjá. Lẹ́yìn Mókwà, a yà sí òsì, ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í dá.

Bùsá Tuntun ni a ń lọ, New Bussa. Orúkọ náà fúnra rẹ̀ ti ń sọ pé ògbólógbòó kan wà níbìkan. Ó wà lábẹ́ omi. Bùsá àtijọ́, tí àwọn arìnrìnàjò òyìnbó mọ̀, tí Mungo Park kú sí nítòsí ibi tí omi ti ń já lórí àpáta ní 1806, ni adágún Kàìnjì gbé mì. Àwọn àpáta tó pa Park náà wà níbẹ̀ lábẹ́ omi. Mo jẹ́wọ́ pé inú mi dùn díẹ̀ láti gbọ́ ìyẹn, bí ẹni tí wọ́n gbẹ̀san fún. Ìdùnnú náà kò pẹ́, nítorí ilé àwọn ọmọ onílùú ń bẹ níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ní 1962 ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ Niger Dams Authority sílẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1964, omi gba ilé ní 1968, Ọ̀gágun Yakubu Gowon sì ṣí dáàmù náà ní 1969, nígbà tí ogun abẹ́lé kò tíì parí. Nǹkan bíi ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlélógójì (44,000) èèyàn ni wọ́n kó kúrò: ará Bùsá, àwọn Gungawa tó ń gbé erékùṣù, Kamberi, Laru, Lopa. Adágún náà gùn tó kìlómítà 135, ó sì fẹ̀ tó 30 níbi tó ti fẹ̀ jù. Àyè ẹ̀rọ méjìlá ni wọ́n ṣe, mẹ́jọ ni wọ́n fi sí i, agbára rẹ̀ sì jẹ́ 760 mẹ́gáwáàtì. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí iná bá kọ ní Ìbàdàn, ní Èkó, ní Ìlọrin, Kàìnjì ni a ń bú. Láti 2013, ọwọ́ ilé-iṣẹ́ aládàáni kan ló ti wà.

Bàbá kan gbà mí lálejò ní Bùsá Tuntun. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí wọ́n kó wọn. Yorùbá rẹ̀ ju tàwọn ọmọ mi lọ, nítorí Kwara ni Bùsá wà títí di 1991 tí wọ́n fi gé ibẹ̀ fún Ìpínlẹ̀ Niger. Ìlọrin ló ti ṣiṣẹ́ ìjọba. Ó gbé àga síta, ó fún mi lómi, ó sì sọ bí ọkọ̀ ṣe kó ẹrù wọn, bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ̀ láti wọkọ̀ títí di ọjọ́ ìkẹyìn, bó ṣe jẹ́ pé wọ́n fi ibojì bàbá bàbá rẹ̀ sílẹ̀.

"Ilé tuntun ńkọ́?"

"Ilé dára. Wọ́n fún wa nílé." Ó sinmi díẹ̀. "Ta ni wọ́n fún ní odò?"

Ó wá bi mí bóyá iná tí wọ́n ń fi omi wọn ṣe ń dé ọ̀dọ̀ wa ní Ìgbómìnà dáadáa. Mo ní láti ìjẹta ni iná ti lọ. Òun ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. A rẹ́rìn-ín pọ̀ títí ìyàwó rẹ̀ fi yọjú wá wò wá.

Ẹ gbọ́ ọ̀ràn kan tó ń dùn mí, tí ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ iná ní Nàìjíríà kì í sábà dárúkọ. Lókè Kàìnjì, orílẹ̀-èdè Nìjẹ̀ ló ni Ọya kó tó kan wa. Bí wọ́n bá dí i lọ́hùn-ún, ẹ̀rọ wa yóò jókòó. Kí wọ́n má baà dí i, Nàìjíríà bá wọn dá àdéhùn: a ó máa fi iná ránṣẹ́ sí Níámẹ̀, wọn ò ní dí omi. Wáyà gba Birnin Kebbi kọjá lọ, ọ̀pọ̀ iná tí Nìjẹ̀ ń lò sì ti ọ̀dọ̀ wa wá. Nígbà tí àwọn ológun gbàjọba níbẹ̀ ní July 2023, Nàìjíríà gé iná wọn láàárín ọjọ́ mélòó kan. Nígbà tí iná padà, kò tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Àwọn náà kúkú ti ń kọ́ dáàmù Kandadji tiwọn láti ọjọ́ pípẹ́, èyí tí wọ́n fẹ́ kó pèsè 130 mẹ́gáwáàtì. Èmi kò dá wọn lẹ́bi.

Wò ó bó ṣe rí. Àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án tó ni Ọya ń pàdé ní Níámẹ̀, wọ́n ní àjọ, wọ́n ní ìwé. Ẹni tó wà lókè odò tó lè dí omi, àwa ló bẹ̀ ẹ́, a sì fi iná sanwó fún un. Ẹni tó wà lójú odò gan-an tí wọ́n fi omi bo ilé rẹ̀, kò sí ohun tó lè dí, nítorí náà kò sí ẹni tó bá a kọ̀wé. Níámẹ̀ rí àdéhùn gbà. Bùsá rí ilé gbà. Ẹni tó fúnni ní ilé ti parí ọ̀ràn lọ́jọ́ tó kó kọ́kọ́rọ́ lé ọ lọ́wọ́. Àdéhùn ni ó ń tún ìdáhùn béèrè lọ́dọọdún.

Ìgbìmọ̀ kan wà nísinsìnyí fún ìdàgbàsókè àwọn agbègbè tí iná omi ti ń wá, HYPPADEC, tí olú-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Minna. Òfin rẹ̀ jáde ní 2010. Nǹkan bí ọdún mẹ́wàá kọjá kí àwọn tí yóò ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tó jókòó. Kwara wà lára àwọn ìpínlẹ̀ rẹ̀. Ó ń gbẹ́ kànga, ó ń kọ́ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, ó ń pín ọkọ̀ fún apẹja. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n bàbá Bùsá sọ fún mi pé, bí wọ́n bá kó ohun ìrànwọ́ wá, wọ́n ní kí àwọn wá gbà á, àwọn sì dúpẹ́. Mo wo ojú rẹ̀. Bàbá tí wọ́n gba odò rẹ̀ ló ń dúpẹ́.

Ní Amẹ́ríkà, àwọn ọmọ onílẹ̀ àkọ́kọ́ rin ọ̀nà yìí ṣíwájú wa, ìyà tí wọ́n jẹ sì pọ̀ ju tiwa lọ. Ní 1908, nínú ẹjọ́ tí wọ́n ń pè ní Winters, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ wọn sọ pé nígbà tí ìjọba ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn ẹ̀yà kan ní Montana, ó ti ya omi tí wọ́n máa fi jẹun lórí ilẹ̀ náà sọ́tọ̀ pẹ̀lú, bí kò tilẹ̀ sọ ọ́ sínú ìwé. Ilẹ̀ láìsí omi kì í ṣe ilẹ̀ fún àgbẹ̀. Ìyá oníke ti Òkè-Onígbìn ì bá dájọ́ náà bákan náà. Ní Montana yìí kan náà ni ẹ̀yà Salish àti Kootenai ti ra dáàmù ńlá tó wà lórí ilẹ̀ wọn ní 2015. Àwọn ni wọ́n ń ta iná rẹ̀ báyìí. Lórí Odò Klamath, wọ́n wó dáàmù mẹ́rin tán ní 2024 lẹ́yìn ìjà ọlọ́jọ́ pípẹ́ tí àwọn Yurok àti Karuk jà nítorí ẹja salmon. Ní February ọdún yẹn kan náà, FERC, àjọ tó ń fún oníná níwèé àṣẹ, ní àwọn ò ní í fún ẹnikẹ́ni ní ìwé ìwádìí fún dáàmù lórí ilẹ̀ ẹ̀yà kan bí ẹ̀yà náà bá kọ̀. Ilẹ̀ àwọn Navajo ni ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ kàn.

Èmi kò ní kí a wó Kàìnjì. Ẹni tó bá wó o yóò kó Ìlọrin àti Òkè-Onígbìn sínú òkùnkùn tó ju èyí tí a wà nínú rẹ̀ lọ, omi rẹ̀ yóò sì gbé Jẹ́bà lọ. Dáàmù ń pọ̀ sí i ni: Zungeru ti ń ṣiṣẹ́, ó lè pèsè 700 mẹ́gáwáàtì, Mambilla, tí wọ́n ní yóò tó 3,050, ṣì wà nínú ìwé àti níwájú àwọn adájọ́. Lọ́dọ̀ wa ní ilẹ̀ Yorùbá, a dí Odò Ọ̀yán ní 1983, a fi ẹ̀rọ mẹ́ta sí i, ọ̀pọ̀ ọdún sì kọjá tí wọn ò pèsè iná kankan. Ìṣòro wa kì í sì í ṣe omi nìkan; wáyà tó ń gbé iná kiri ti gbó.

Ohun tí mo ń sọ kéré ju wíwó dáàmù lọ. Ọmọ tó ń ṣọ́ kànga ní Òkè-Onígbìn sọ òtítọ́: omi kọ́ ló ń tà. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbẹ́ kànga náà, ọwọ́ àwọn onílẹ̀ ló ti gba ilẹ̀, ó mú ọtí àti obì lọ, ẹlẹ́rìí wà. Ẹni tó ń ta iná Ọya ń sọ ohun kan náà: omi kọ́ ni mò ń tà. Ó dára. Ọ̀dọ̀ ta ló ti mú obì lọ? Gbogbo ìgbà tí ìwé àṣẹ dáàmù bá tún fẹ́ yí ọwọ́, ìgbà yẹn ló yẹ kí àwọn Gungawa, àwọn ará Bùsá, àwọn apẹja Jẹ́bà àti oníresi Pàtígì jókòó sídìí tábìlì bí ẹni tó ni nǹkan: kí ìpín wọn nínú owó iná wà nínú ìwé, kí ọjọ́ àti wákàtí tí wọ́n máa fi kìlọ̀ kí wọ́n tó ṣí omi wà nínú ìwé, kí ẹni tó bá rú u sì rí ilé ẹjọ́ lọ. Ẹ̀tọ́ ni, kì í ṣe sàárà.

Kí àwa Ìgbómìnà má sì rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ará bèbè Ọya nìkan ni. Ní Ọwá-Kàjọlà, nínú Ìfẹ́lódùn, omi Ọ̀wù ń já láti òkè tó ga tó ọgọ́fà mítà. Ẹnikẹ́ni tó bá ń wá ibi tí yóò ti fi omi ṣe iná kò ní í ṣaláì rí i lọ́jọ́ kan. Kí ìgbà yẹn tó dé, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wa tó mọ òfin ti jókòó, kí wọ́n kọ ohun tí à ń fẹ́ sílẹ̀, ká má ṣe dúró de ilé tuntun.

Ọkọ̀ mìíràn ni mo wọ̀ bọ̀. Ó di òru kí n tó padà wọ Òkè-Onígbìn. Iná ti dé, ó ti tún lọ, wọ́n ní kò lò ju wákàtí mẹ́ta lọ, ṣùgbọ́n àwọn tí kò sùn ti pọnmi kún gbogbo ìkòkò.

Ẹni tó bá fẹ́ gba ọ̀nà yìí, kó gbé omi dání fún redietọ̀ rẹ̀ kó tó kúrò ní Ìlọrin. Nígbà tí mo ń bọ̀, garawa kan ní Bódé Sààdú ti di ọ̀ọ́dúnrún náírà.